Ṣé Ẹ Bi Mí Ni?

Ṣé ẹni tó dákẹ́ ti purọ́? Bátìrì ló gbé ìbéèrè yìí síwájú mi ní Ṣàngó, n'Ìbàdàn.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tuntun ni lójú mi. Tí mo bá gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tí mo wá ṣáná sí i, kò ní dáhùn. Mo ra bátìrì mìíràn, òun náà kú. Rẹ́wáyà kan lẹ́bàá ọ̀nà Pólì ló tú wáyà kan kúrò lórí bátìrì, tó fi mítà sáàárín. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n ti pa kò yẹ kó máa fa iná ju nǹkan bí 50 mílíámpù lọ. Tèmi ń fa 900. Bátìrì wo ló máa gbà á fún ọjọ́ mẹ́ta? Ó ń yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ti rédíò. Ẹnì kan ti so wáyà kan mọ́ ọn tí iná rẹ̀ kì í kú.

Ọmọ iṣẹ́ ẹni tó tà á fún mi jẹ́wọ́ pé àràárọ̀ ni àwọn ń bu iná sí i láti ara ọkọ̀ mìíràn kí oníbàárà tó dé. Ọ̀gá rẹ̀ kò jiyàn. Ó ní, "Ṣé ẹ bi mí ni?"

Èsì yẹn ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 44 ṣáájú ìbí Kristi, Cicero ará Róòmù kọ̀wé nípa ẹni tó fẹ́ ta ilé tí òun nìkan mọ àbùkù rẹ̀. Ó ní Diogenes ará Bábílónì gbà pé kò sẹ́ni tó fipá mú oníbàárà rà á; Antipater, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní kí ẹni tó ń tà á sọ ọ́. Antipater ni Cicero gbè lẹ́yìn. Ní tèmi, ẹni tó ń bu iná láràárọ̀ kò tilẹ̀ dákẹ́: ọwọ́ rẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Tí kò bá mọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló le. Ẹ̀bi kò sí lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èrè ọjà náà wà lápò rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ kó bá ẹni tó rà á pín ìnáwó.

Kí rẹ́wáyà tó rí ìdí rẹ̀, àwọn aládùúgbò (èèyàn dáadáa ni wọ́n o) ti ní kí n fọ ọkọ̀ náà, kí n fi iná kún bátìrì, kí n tà á. Ta ni kí n tà á fún? Nọ́ọ̀sì tó máa jáde níbi iṣẹ́ lóru?

Mo mú owó iṣẹ́ rẹ́wáyà lọ bá ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi. Ó san ìdajì. Ó ní nítorí àlàáfíà ni, kì í ṣe pé òun jẹ̀bi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.