Ìjọ́hẹn Pẹ́pẹ́yẹ

Ìbéèrè bóyá ẹ̀dá tí a sé mọ́ lè yan ohunkóhun ti pẹ́ nínú èrò Yorùbá, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ orí àti ìpín tí kò ní kàn án. Bọ́lájí Ìdòwú, nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè tí ó jáde ní ọdún 1962, to ọ̀nà mẹ́ta tí ìpín ń gbà wá: àkúnlẹ̀yàn, èyí tí ènìyàn kúnlẹ̀ yàn fúnra rẹ̀, àkúnlẹ̀gbà, èyí tí ó kúnlẹ̀ gbà, àti àyànmọ́, èyí tí a yàn mọ́ ọn. Ọmọ ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, àmọ́ pẹ́pẹ́yẹ agboolé Òkè-Ògùn náà ní ohun tí ó lè fi kún un.

Pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn ni èyí tí ìran rẹ̀ wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, tí ojú akọ rẹ̀ pọ́n tí ó sì rí kókó-kókó, tí akọ náà kì í ké ju pé kí ó máa mí fẹ̀ẹ̀. Olówó rẹ̀ ni ó ń gbé ìyàwó fún un: yóò ra akọ kan lọ́jà, yóò sì dà á pọ̀ mọ́ abo mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú àgò. Bí a bá fi ètò ìgbéyàwó Yorùbá wò ó, olówó yìí ti ṣe ìfojúsóde, ó ti ṣe alárinà, ó tilẹ̀ ti san owó orí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ alágbàtà ni ó san án sí. Ṣùgbọ́n ó fo ìjọ́hẹn, ìyẹn ìpele tí ọmọbìnrin fúnra rẹ̀ ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà. Akọ yóò na ìyẹ́ orí sókè, yóò máa mi orí síwá sẹ́yìn, yóò máa ju ìrù, abo yóò sì máa jẹ èérí ọkà rẹ̀ lọ bí ẹni tí kò rí i.

Ìjọ́hẹn tí a fò kò torí bẹ́ẹ̀ parẹ́. Ní ọdún 2000, Emma Cunningham àti Andrew Russell fi ìwádìí lórí pẹ́pẹ́yẹ tí à ń pè ní mallard hàn pé abo tí a fún ní akọ tí ó wù ú a máa yé ẹyin tí ó tóbi jù. Ní ọdún 2007, Patricia Brennan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé pé láàárín ìran pẹ́pẹ́yẹ tí akọ ti ń fi ipá gun abo, ojú ara abo a máa lọ́ sí òdì ibi tí ti akọ lọ́ sí, a sì máa ní àwọn àpò tí kò já síbì kan. Ẹni tí kò ráyè sọ pé rárá ní gbangba ń sọ ọ́ nínú.

Alátakò lè wí pé àyànmọ́ ni èyí, pé bí a ṣe dá a ni, kì í ṣe yíyàn. Àtakò náà lágbára, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tí ń mọ orí: orí tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí ó jiná àti èyí tí kò jiná, ni olúkúlùkù yàn nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó lọ yan tirẹ̀ níta. Inú àgò kan ni gbogbo yíyàn ti ń wáyé. Ohun tí ó burú nínú ti olówó pẹ́pẹ́yẹ ni pé akọ kan ṣoṣo ni ó tẹ́ sílẹ̀, níbi tí ohun kan ṣoṣo bá sì wà, kíkọ̀ nìkan ni ó ṣẹ́kù fún ẹni tí ń yàn.

Oníwàásù tí ó bá fẹ́ fi ẹyẹ omi kọ́ tọkọtaya ní ìfẹ́ yóò rí ohun tí ó ń wá lára pẹ́pẹ́yẹ igbó olójú funfun tí ń súfèé létí omi ọ̀dàn, nítorí pé akọ àti abo rẹ̀ a máa tún ìyẹ́ ọrùn ara wọn ṣe, wọn a sì máa gba ìsàba fún ara wọn. Ti agboolé kò ní bá a kẹ́sẹ járí. Nǹkan bí ọjọ́ 35 ni abo fi ń sàba lábẹ́ àká, lórí ẹyin tí ó fi ìyẹ́ tí ó já ní àyà ara rẹ̀ bò, akọ kò sì ní yà síbẹ̀. Bí ó bá sáré jáde wá mumi, tí akọ bá tún na ìyẹ́ orí sí i, yóò wú gbogbo ara, yóò han, yóò sì padà sórí ẹyin rẹ̀.