Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí fóònù tó dé ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí. Lóde òní, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan tẹ̀ sórí fóònù ní Iléṣà lè dé Òṣogbo, kí ó dé Èkó, kí ó sì dé Lọ́ńdọ̀nù kí onítọ̀hún tó gbé fóònù rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí irọ́ àti èébú bá wá pọ̀ lórí ẹ̀rọ ayélujára, ṣé ó tọ́ kí ìjọba ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn? Ní èrò tèmi, kò tọ́. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ṣe ìkà ni kí a mú. Kí a má ṣe di gbogbo ìlú lẹ́nu.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹni tí kò gbà pẹ̀lú mi. Bàbá mi máa ń sọ pé irọ́ orí fóònù ń pa ènìyàn, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wà ní Nàìjíríà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé kí àwọn ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún, kí àrùn náà má bàa mú wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì ni omi iyọ̀ yìí pa. A máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Fún àwọn méjì yìí, ọjọ́ náà ti pẹ́ jù. Mi ò lè fi òwe bo ikú wọn mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe ṣẹ́gun irọ́ náà? Ìjọba kò ti fóònù pa. Àwọn elétò ìlera ló jáde sọ fún aráàlú pé irọ́ ni, tí wọ́n sì kọ́ wa bí a ṣe ń fọ ọwọ́. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀nà tí irọ́ gbà wọlé ni òtítọ́ náà gbà. Bí a bá ti dí ọ̀nà yẹn, ìkìlọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là kì bá tí rí ibi kọjá.

Ẹ fi ìyẹn wé ọ̀rọ̀ Twitter. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2021, Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ nípa ogun abẹ́lé rẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìhàlẹ̀. Láìpẹ́, ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 5 oṣù náà títí di ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2022. Wọ́n ní àwọn kan ń lò ó láti da orílẹ̀-èdè rú. Ṣùgbọ́n ìyà náà jẹ oníròyìn, ó jẹ ẹni tó ń tajà níbẹ̀, ó sì jẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bú ẹnikẹ́ni. Bí olè bá jalè ní ọjà Atákúnmọ̀sà, ṣé a ó ti ọjà pa fún oṣù méje? Olè ni a ó wá. Ní ọjọ́ 14, oṣù Keje, ọdún 2022, Kóòtù ECOWAS dájọ́ pé títì tí wọ́n ti Twitter pa kò bófin mu.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn ni a dìbò gómìnà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àjọ INEC gbé àwòrán ìwé èsì àwọn ibùdó ìdìbò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó jókòó sí Iléṣà lè fi ojú ara rẹ̀ wo èsì ibùdó kan ní Òṣogbo, dípò kí ó máa gbọ́ "wọ́n ní, wọ́n ní." Fóònù tó ń gbé àhesọ náà ló ń gbé ẹ̀rí.

Ìdí kejì tí mi ò fi gbà ni pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò máa sọ ohun tó jẹ́ irọ́. Ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Òṣogbo àti Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ògúndé nítorí eré Yorùbá Ronú. Ọdún 1966, nígbà tí ìjọba yẹn ti lọ, ni a tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà. Eré yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní omi iyọ̀ mu; àwọn aláṣẹ ló bí nínú.

Kí wá ni ṣíṣe? Abala 39 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò rẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára, ti ọdún 2015, lè sọ ẹni tó kàn bú ènìyàn di ọ̀daràn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní ọdún 2024, wọ́n darí rẹ̀ sí irọ́ tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Mo fara mọ́ ìyàtọ̀ yìí. Èébú ń dunni, ṣùgbọ́n irọ́ omi iyọ̀ ń pani. Adájọ́ ni kí ó sì máa ya méjèèjì sọ́tọ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n bú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ kù sí wa lọ́wọ́. Kí a tó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: ta ló sọ ọ́? Ṣé mo lè sọ ọ́ lójú ẹni tó kàn, kí n sì fi orúkọ mi sí i? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kí ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin aláṣẹ, orí ń fọ́ ìlú lóòótọ́. Ẹ wá oògùn sí i, ṣùgbọ́n ẹ má bẹ́ orí náà.