Ẹmu Àná àti Wáìnì Àtijọ́

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán láàárín àgbà àti ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá: ǹjẹ́ ohun tí ó bá pẹ́ ni ó dára jù bí? Àgbà a máa fi ọjọ́ orí rẹ̀ béèrè ọ̀wọ̀. Ọ̀dọ́ a máa ráhùn pé ogbó kọ́ ni ọgbọ́n. A fẹ́ wádìí ohun tí ọjọ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, a ó sì fi ohun mímu méjì ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe pé a ń gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti mu ọtí. Ẹni tí kò fẹnu kàn án rí lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀.

Èkíní ni ẹmu. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ, a sì gbé agbè rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ẹmu òwúrọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára agbè ti ń sọ adùn náà di ọtí kí ó tó délẹ̀. Nígbà tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó ti kan. Bí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ni ń sọ ohun di rere, ẹmu àná ni ìbá wọ́n jù lọ́jà. Síbẹ̀, ta ni yóò fi ẹmu àná ṣe àlejò àna rẹ̀?

Èkejì ni wáìnì pupa. Bíbélì Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde lódindi ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, ẹni tí ó wá ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní 1846, sì jẹ́ olórí nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀, ti sọ ọgbà àjàrà di ọ̀rọ̀ ẹnu wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó ti fojú rí i. Ní àríwá Ítálì, lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Switzerland, àfonífojì kan wà tí à ń pè ní Valtellina. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Alps níbẹ̀ ni àwọn ìdílé ń gbin àjàrà tí à ń pè ní Nebbiolo. Ilẹ̀ náà dà tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ní láti to òkúta léra wọn, láìlo amọ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì, kí òjò má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ. A ṣírò gígùn àwọn ògiri náà sí nǹkan bí kìlómítà 2,500. Ní 2018, UNESCO kọ iṣẹ́ ọnà títo òkúta báyìí, ti Ítálì àti ti orílẹ̀-èdè méje mìíràn, mọ́ ogún aráyé. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oko náà, nítorí ẹ̀rọ kò lè gun òkè yẹn. Ẹni tí ó to òkúta ìsàlẹ̀ ti kú tipẹ́. Àwọn ọmọ-ọmọ ni ń tún èyí tí ó wó tò.

Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pọn wáìnì náà, kò dùn. Èèpo àti kóró èso náà ti fi ìkorò kan sínú rẹ̀ tí ń mú ẹnu gbẹ bí obì àbàtà. Òfin kò jẹ́ kí a ta èyí tí ń jẹ́ Valtellina Superiore títí yóò fi lo oṣù 24, nínú èyí tí 12 gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú àgbá igi; èyí tí ń jẹ́ Riserva yóò lo oṣù 36. Láàárín ìgbà náà ìkorò a máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó mú un le lẹ́nu ní èwe gan-an ni ó ràn án lọ́wọ́ láti pẹ́.

Ẹni tí ó bá kánjú yóò wí pé, "Ẹ ò rí i pé ọjọ́ ni ó tún un ṣe!" Kí ó mú sùúrù. Bí ìdérí ìgò bá jò, tí afẹ́fẹ́ sì wọlé, wáìnì a kan gẹ́gẹ́ bí ẹmu. Èyí tí kò dára láti ìbẹ̀rẹ̀, ogún ọdún kò lè wò ó sàn. Èyí tí ó tilẹ̀ dára jù ní ìwọ̀n ọjọ́ tirẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni ó kọjá lórí àgbá àti lórí agbè. Ohun tí a fi sínú wọn àti ìtọ́jú tí a fún wọn ni kò dọ́gba.

Ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí tàbùkù ẹmu. Adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ó mọ̀ pé oore ọwọ́ òun kò lè sùn di ọ̀la. Oore kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe lónìí, òmíràn sì wà tí a gbọ́dọ̀ pamọ́ fún ọmọ. Ọ̀kan kò gbọdọ̀ gba ipò èkejì. Ẹni tí ó ń pa oúnjẹ ẹni tí ebi ń pa mọ́ di ọ̀la, ó ṣìwà hù. Ẹni tí ó sì jẹ ogún ọmọ rẹ̀ tán lónìí, kò sàn jù ú lọ.

Ẹ wo àwọn ìyá wa aláró ní Abẹ́òkúta, tí àdìrẹ wọn sọ ọjà Ìtòkú di olókìkí. Ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n sì sá, ni wọ́n ń rẹ sínú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan kí aró tó mú aṣọ. Ikòkò náà ń fẹ́ àmójútó lójoojúmọ́. Iṣẹ́ náà sì ń fẹ́ kí ìyá kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀. Lónìí aró tí a fi kẹ́míkà ṣe ti gba ipò èlú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. A kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó wá ọ̀nà kíákíá láti jẹun. Ṣùgbọ́n bí ìran kan ṣoṣo bá kọ̀ láti kọ́ni, tàbí tí ó kọ̀ láti kọ́ ọ, ọgọ́rùn-ún ọdún ìmọ̀ yóò parẹ́, gẹ́gẹ́ bí ògiri òkè Valtellina ti ń wó nígbà tí a bá pa oko tì. Àwọn baba wa kò ṣàṣìsọ nígbà tí wọ́n wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Nítorí náà, kí àgbà tí ó ń béèrè ọ̀wọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: kí ni ó wà nínú ọdún mi tí ọmọ ẹlòmíràn lè bù mu? Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹmu àná ni, bí irun rẹ̀ tilẹ̀ funfun. Kí ọ̀dọ́ pẹ̀lú má ṣe tu gbogbo ohun tí ó korò lẹ́nu rẹ̀ lónìí dànù, nítorí ìbáwí tí ó le lè jẹ́ èyí tí yóò gbé e ró lọ́jọ́ alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ pe ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ikòkò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí ọwọ́ ṣì le, tí ojú sì ń ríran.