Ta Ni Ó Mọ Arìnrìn-àjò?

Ẹni tí ó bá jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Ìkirè, tí ó kọ lẹ́tà ímeèlì, tí ó sì fi í rán kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ń ra íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, kì í rántí pé a ń bi òun léèrè ẹni tí òun jẹ́. Èmi náà kò rántí rí, àfi ní ọjọ́ kan, lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, tí iná lọ kí lẹ́tà mi tó jáde, tí mo wọkọ̀ dé Apòmù tí kò jìnnà rárá, tí mo bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, tí kọ̀ǹpútà tí ó ti ń bá mi jíṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ní òun kò mọ̀ mí rí.

Kò ṣàìnídìí. Nígbà tí Jonathan Postel kọ ìlànà ìfilẹ́tà-ránṣẹ́ ní 1982, ẹnikẹ́ni tí ó bá kanlẹ̀kùn ni irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ń bá jíṣẹ́. Ìgbà tí àwọn oníjìbìtì sọ inú rere náà di ọ̀nà ẹ̀tàn ni àwọn olùtọ́jú tilẹ̀kùn, tí wọ́n ní ẹni tí ó bá dúró nínú ọgbà àwọn nìkan ni àwọn mọ̀. Ilẹ̀ tí ènìyàn dúró lé wá di ẹ̀rí irú ẹni tí ó jẹ́.

Ǹjẹ́ ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀ ni àwa bí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ Yorùbá ìbá ti di ẹlòmíràn kí ó tó dé bodè; ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, orúkọ, ìlà ojú àti oríkì ni àwọn baba wa ń gbé rìn, tí arúgbó tí kò rí wọn rí yóò fi gbọ́ oríkì orílẹ̀ wọn ní ìlú òkèèrè, tí yóò sì kí wọn bí ọmọ. Ẹnu-ọ̀nà 587 lára kọ̀ǹpútà tí ń bá ni fi ímeèlì ránṣẹ́, tí wọ́n fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1998, níbi tí arìnrìn-àjò ti ń sọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ láti ibikíbi, sún mọ́ ọgbọ́n yìí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí ṣeé jí. Orí ẹni kò ṣeé jí. Mùsùlùmí tí ó wà lórí ìrìn a máa gé ìrun onírákà mẹ́rin sí méjì, ṣùgbọ́n kò nílò láti tún sọ ẹni tí òun jẹ́ fún Ẹni tí ó ń kírun sí.

Apòmù mọ ọ̀ràn yìí ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ọjà rẹ̀ ni Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń jí ọmọ ọlọ́mọ tà, nítorí ẹni tí a kò mọ̀ ni ó rọrùn láti sọ di ẹrú. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921 pé Awólẹ̀, kí ó tó jọba, ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ níbẹ̀. Baálẹ̀ Apòmù wá ẹni tí wọ́n tà náà rí, ó dá a sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀. Nígbà tí Awólẹ̀ di Aláàfin tí ó sì fẹ́ gbẹ̀san, Baálẹ̀ náà pa ara rẹ̀ kí ìlú má bàa parun, wọ́n sì gbé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́.