Ajá Tí Ó Kọ Àṣẹ

Bí ìránṣẹ́ bá kọ̀ láti ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ pa láṣẹ, aláìgbọràn ha ni bí? Ẹ má yára dáhùn.

Morris Frank, ará Nashville ní Amẹ́ríkà, ti fọ́jú láti ọmọ ọdún 16. Ọmọdékùnrin kan ni ó ń sanwó fún kí ó máa fà á kiri ìgboro. Ní ọdún 1928 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Switzerland, níbi tí Dorothy Eustis ti ní ọgbà tí a ti ń kọ́ ajá níṣẹ́, ó sì mú abo ajá kan, Buddy, bọ̀ wá sílé. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1957.

Ẹni tí ó bá ń wo irú ajá bẹ́ẹ̀ a máa rò pé òun ni ó mọ ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afọ́jú ni ó mọ ibi tí òun ń lọ; òun ni í fetí sí ìró ọkọ̀ ní oríta, tí í sì í pàṣẹ pé kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ tí ọ̀gá kò gbúròó rẹ̀, ajá yóò dúró gbọn-in. Bí ọ̀gá tilẹ̀ tún àṣẹ náà pa, kò ní í kúrò. Ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

A ó ha pe èyí ní oríkunkun? Olóríkunkun a máa kọ àṣẹ nítorí ìfẹ́ inú ara rẹ̀. Ajá yìí kò fa ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ibi tí ẹran ti ń ta sánsán. Bí ewu bá ti kọjá, ọ̀nà tí ọ̀gá yàn náà ni yóò tún tọ̀. Tómásì Mímọ́ ti Akuínò pàápàá kọ́ni pé kì í ṣe nínú ohun gbogbo ni ó di dandan fún ọmọ abẹ́ láti gbọ́ ti ọ̀gá rẹ̀.

Síbẹ̀, n kò rò pé ti ajá ni ó ṣòro jù. Afọ́jú pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́. Ẹni tí kò lè fẹnu sọ ìdí ọ̀rọ̀ ni ó dá a dúró nínú òkùnkùn, ó sì ní láti gbà. Mélòó nínú àwa baba, olùkọ́ àti àlùfáà ni ó lè gba “rárá” lọ́wọ́ ẹni tí à ń bọ́? Bí ọmọ bá wí pé, “Bàbá, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ sí ìwé yìí,” a ti pè é ní aláfojúdi kí a tó bi í léèrè ohun tí ó rí.

Buddy kú ní 1938. Gbogbo ajá tí Frank ní lẹ́yìn rẹ̀, Buddy náà ni ó sọ wọ́n.