Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Wo Ọpọlọ Ọmọ Inú Oyún?

Ìbéèrè kan ń bẹ lẹ́nu àwọn ìyá wa: ǹjẹ́ kì í ṣe àfojúdi ni kí ènìyàn yọjú wo inú oyún? Àwọn kan ní ohun tó wà nínú, kí ó wà nínú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ẹkógíráfì jẹ́ ná. Ariwo tí etí kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú ikùn. Bó bá kan ara ọmọ, á padà wá, bí ìgbà tí ènìyàn pariwo sínú kànga. Dókítà Ian Donald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958. Èyí tó dé lẹ́yìn yìí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń kó àwòrán púpọ̀ jọ, bí ẹni to búrẹ́dì tí a ti gé padà, dókítà á wá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi rí àárín ọpọlọ.

Kí wá ni ọ̀ràn? Wọ́n lè rí i pé omi pọ̀ nínú ihò ọpọlọ ọmọ. Bí ihò náà bá fẹ̀ tó mìlímítà 10, wọ́n á ní kí a tún un yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: bó bá wà láàárín 10 sí 12, tí kò sí àléébù mìíràn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dàgbà dáradára. Síbẹ̀ ọkọ á gbọ́ pé "omi wà lórí ọmọ", á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó ní ìwòkuwò. Ìyá ọkọ á ní àjẹ́ ni. Ta ló jẹ̀bi níbẹ̀, ẹ̀rọ ni àbí ẹnu? Lójú tiwa, ẹni tó bá fẹ́ wò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu pé òun kò ní sá fún ohun tí òun bá rí. Òfin Benin ti 2003 pàápàá gbà kí a fòpin sí oyún bí àìsàn ọmọ bá le gidigidi, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwòrán kan ṣoṣo kò tó fi ṣe irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Orí òde ni ẹ̀rọ ń wọ̀n, kò lè wọn orí inú.

Àǹfààní rẹ̀ wà o. Ìyá tó bá mọ̀ ṣáájú á lè lọ bímọ níbi tí oníṣẹ́-abẹ wà, tí wọ́n lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi náà kúrò.

Ẹ má sì torí fọ́tò ojú ọmọ jẹ gbèsè. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú ọ̀sẹ̀ 24 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún ṣe é, èyí tí kò gbówó lórí náà sì tó. Oògùn folic acid ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí, kódà kí oyún tó dé, torí pé láàárín ọjọ́ 28 àkọ́kọ́ ni ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá-ẹ̀yìn ti ń hù máa ń pa dé, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún.