NÍGBÀ TÍ OKÙN JÌTÁ BÁ BÓ NI NÍKA

KÀ: 2 Sámúẹ́lì 23:9-10, Ẹ́kísódù 17:10-13
KỌ́ SÓRÍ: Orin Dáfídì 144:1

Nínú ẹsẹ tí a ó kọ́ sórí lónìí, Dáfídì dúpẹ́ nítorí ọwọ́ rẹ̀, kò sì dákẹ́ síbẹ̀: ó dárúkọ ìka pẹ̀lú. Ẹni tó ti ta dùùrù rí ló lè rántí ìka bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta jìtá nínú ìjọ wa mọ ohun tí mò ń wí.

Olùfẹ́, láti Mọ́níyà dé Ìjàyè, láti Lálúpọn àti Ẹ̀rúnmu títí dé Akàǹran, ìjọ kéékèèké pọ̀ tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ jìtá ta níbẹ̀. Láti Ọjọ́ Ajé dé Àbámẹ́ta kò fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n ti tì í mọ́ inú ilé ìjọ. Bó bá wá di ìṣọ́ òru, yóò ta á títí ilẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Ìka òsì á gbóná, á lé ròrò, á bẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin náà á lọ jókòó sẹ́yìn, á ní òun ò ṣe mọ́. Àwọn kan á sì máa sọ pé ọfà ọ̀tá ni.

Kì í ṣe ọfà. Wáyà ni. Irin ni okùn jìtá, ti béèsì tún nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, awọ ìka sì rọ̀. Ẹ wo àgbẹ̀ tó gbé ọkọ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ lé ròrò, ṣùgbọ́n bó bá ń lọ sóko déédéé, awọ náà á yi. Ẹni tó ń roko lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ìgbà gbogbo ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa bó. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ló ń mú ìka olójìtá yi. Kì í ṣe wákàtí mẹ́fà lóru ọjọ́ kan. (Àdúrà náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìṣọ́ òru nìkan ló ń kúnlẹ̀, ẹ bi orúnkún rẹ̀ léèrè.)

A fẹ́ràn láti fi Eleásárì wàásù pé kí èèyàn má sinmi, nítorí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ idà. Ojú ogun nìyẹn. Ìdánrawò orin ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í ṣe ojú ogun. Arákùnrin, bí ìka rẹ bá ti bẹ́, má fi ẹ̀jẹ̀ ta orin láti fi ìtara hàn. Èyí tí kò tíì bẹ́, má fi abẹ́rẹ́ gún un. Èyí tó ti bẹ́, fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, fi báńdéèjì tó mọ́ bò ó, kí o jẹ́ kó jiná. Bó bá wú, tó gbóná, tó ń ṣe ọyún, lọ sí ilé ìwòsàn, pàápàá bí o bá ní àtọ̀gbẹ.

Yẹ jìtá náà wò pẹ̀lú. Bí okùn bá ga jù sí ọrùn rẹ̀, jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe bá ọ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lára okùn kó má baà dípẹtà. Má ta á bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọṣọ tán, awọ tí omi ti rẹ tètè ń bó. Tẹ okùn nítòsí irin tó wà lọ́rùn jìtá, kò ní gba agbára púpọ̀.

Ní 1928, iná jó ọwọ́ òsì Django Reinhardt, ará Yúróòpù kan tó ń ta jìtá. Kì í ṣe olórin ìjọ o, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ìka méjì kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó fi ìka méjì yòókù tún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn káyé. Ta ló wá ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan yóò ba iṣẹ́ rẹ jẹ́?

Ẹ̀yin ará ìjọ, nígbà tí ọwọ́ Mósè wúwo, Áárónì àti Húrì kò pariwo pé kó gbé e sókè sí i. Wọ́n gbé òkúta fún un jókòó, wọ́n sì di ọwọ́ náà mú. Àwa ńkọ́? Ní aago mẹ́ta òru a ṣì ń kígbe pé, “Tún un ta!” Ẹ jẹ́ kí ìlù àti àtẹ́wọ́ gbé orin náà díẹ̀. Owó aṣọ àjọ̀dún tí a ń dá, ẹ yọ ti okùn jìtá nínú rẹ̀. Ẹ fún ọmọ náà ní kọ́kọ́rọ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Kí ẹ sì wá ẹnì kejì tí yóò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí a kọ́ ní orin nígbà Dáfídì jẹ́ 288 (1 Kíróníkà 25:7).

ÀDÚRÀ: Baba, a gbé ẹni tó ń ta jìtá nínú ìjọ wa wá síwájú rẹ láàárọ̀ yìí (ẹ dárúkọ rẹ̀). Wo ìka rẹ̀ sàn. Jẹ́ kí a rí ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ kí ìṣọ́ òru tó ń bọ̀ tó dé. Ní orúkọ Jésù. Àmín.